Ẹni Tó Ń Wá Ọmọ Kiri: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Wà Nídìí Ìwádìí Omi Inú Orí Ọmọdé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ ní Kubwa, ní Àbújá yìí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n tún gbólóhùn kan ṣe. Alága wa pè mí ní dókítà nígbà tí wọ́n ń fi mí hàn yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà nínú ikọ̀ kan tó ń ṣe ìwádìí lórí omi inú orí ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Òkè Ọya, iṣẹ́ méjì péré ni mo sì ń ṣe níbẹ̀: mo ń wọn orí ọmọ, mo sì ń wá ọmọ tí kò padà wá.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ènìyàn tó wà nídìí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn yóò máa retí orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, n ó sì dárúkọ díẹ̀ nínú wọn, nítorí ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí ni pé kì í ṣe ẹni tó mú ọ̀bẹ dání nìkan ni ìwádìí yìí gbára lé. Ẹni tó lè sọ ibi tí ọmọ náà wà lẹ́yìn ọdún kan ló gbé e ró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àrùn náà fúnra rẹ̀. Iyàrá mẹ́rin ló wà nínú ọpọlọ gbogbo wa, omi kan tó mọ́ gaara sì ń ṣàn gba inú wọn kọjá. Inú àwọn iyàrá yẹn ni ara ti ń ṣe omi náà, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Nínú àgbàlagbà, nǹkan bí ìdajì lítà ni ara ń ṣe lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nínú orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí 150 mílílítà lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi náà ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́: èyí tó gbó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ, tuntun ń rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde bá wá dí, tàbí tí ara kò lè fà á mu mọ́, ara kò ní tìtorí ìyẹn dẹ́kun àtiṣe omi. Yóò máa pọ̀ sí i, àwọn iyàrá yóò máa fẹ̀, wọn yóò sì máa ti ọpọlọ mọ́ eegun. Eegun orí àgbàlagbà ti lẹ̀ pọ̀, kò síbi tí yóò fẹ̀ sí. Ti ọmọ ọwọ́ kò tíì padé, nítorí náà orí rẹ̀ ni yóò máa tóbi. Àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ tí ẹ̀yin ìyá máa ń rí tó ń mí lókè orí ọmọ tuntun, yóò le, yóò sì ga sókè. Iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò hàn ketekete lábẹ́ awọ orí. Ẹyinjú ọmọ náà yóò rọ̀ sísàlẹ̀ bí oòrùn tó ń wọ̀, débi pé funfun ojú ni a ó máa rí lókè rẹ̀.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tó wọ́ ni àgbà ń rí o. Orí tó ń fi díẹ̀díẹ̀ tóbi láti ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, téèpù ló ń rí i, nítorí pé ìyá tó ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í mọ ìyàtọ̀ àná sí òní.

Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọ ni àrùn yìí ń mú lágbàáyé lọ́dọọdún, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ibi tí ó ti wọ́pọ̀ jù. Wọ́n bí i mọ́ àwọn kan. Àwọn kan ní i nítorí pé ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kò padé tán nínú oyún. Ti àwọn tí wọ́n bí láìpé oṣù, ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú ọpọlọ wọn. Ti àwọn mìíràn, kòkòrò àrùn ló wọ inú orí wọn láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n dé ayé. Kò sí èyí tó jẹ́ àbíkú nínú wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀san ohun tí ìyá ṣe. Mo ní láti sọ ìyẹn ketekete, nítorí pé nínú àwọn ìyá tí mo gba orúkọ wọn sílẹ̀, èyí tí ọkọ kò bá wá kò kéré rárá.

Lórí ti ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò padé, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì jáde pé oògùn folic acid, bí obìnrin bá ń lò ó kí ó tó lóyún, ń dín bíbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn ìyá tí wọ́n ti bí irú rẹ̀ rí. Oògùn náà kò wọ́n, gbogbo ilé oògùn ló ń tà á. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń padé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun ti lóyún, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká dúró di ìgbà tí a bá forúkọ oyún sílẹ̀. Èsì yẹn ní orúkọ àwọn dókítà lórí. Ṣùgbọ́n 1,817 obìnrin ní orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n gbà kí wọ́n dán an wò lára wọn, gbogbo wọn ló ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì tún fẹ́ lóyún mìíràn. Èmi kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn, ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ìwádìí náà.

Nínú gbogbo ìtàn àrùn yìí, ti John Holter ló máa ń mú mi dákẹ́. Oníṣẹ́ irin ni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àgádágodo ló ń bá ṣiṣẹ́ ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1955, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún orí rẹ̀. Ní àkókò yẹn, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ̀ pé àwọn lè fi rọ́bà tín-ín-rín fa omi náà láti inú orí gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ máa ń gba inú rọ́bà náà padà sẹ́yìn, á dì, á sì dí i. Ilẹ̀kùn kan ni wọ́n nílò tí yóò jẹ́ kí omi jáde, tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọlé. Dókítà Eugene Spitz tó ń tọ́jú ọmọ náà ṣàlàyé ìṣòro yìí fún bàbá rẹ̀, bàbá sì gbé e lọ sílé bí ẹni gbé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣí tó sì ń tì, kì í ṣe ohun àjèjì ni wọ́n bi í léèrè. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1956, fáàfù tó ṣe, tó ní ojú kékeré tó ń là sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ti wà lára ọmọdé. Orí ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí. Ọmọ tirẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ó kú kí ó tó pé ọdún mẹ́fà. Bàbá náà kò sì padà sídìí àgádágodo, fáàfù ló ń ṣe lọ.

Lóde òní, inú ikùn ni wọ́n sábà máa ń da omi náà sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkàn mọ́. Ohun tí a ń pè ní ṣọ́ǹtì nìyẹn: rọ́bà kan tó wọnú orí, fáàfù kan lẹ́yìn etí, rọ́bà gígùn kan lábẹ́ awọ ọrùn àti àyà títí dé ikùn. Bí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀yìn etí ọmọ tó ní i, ẹ ó fọwọ́ kan kókó kékeré kan tó ń rọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ bíbí Awẹ́, ni Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó padà wálé láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1962, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ọdún méjìlá péré ló fi ṣiṣẹ́ yẹn kí ó tó kú ní ọdún 1974. Akéwì ni pẹ̀lú, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ẹnì kejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, Adélọlá Adélóyè, lọ sí Màláwì nígbà tó yá, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ tí omi wà lórí wọn níbẹ̀. Ní Òkè Ọya yìí náà, Ṣókótó ní ibùdó iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó gbajúmọ̀. Níbí ní Àbújá, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999 tí a mọ̀ sí National Hospital lónìí, ti àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Mbale ló yẹ kí n pẹ́ lé lórí. Ìlú kan ni ní ìlà-oòrùn Ùgáńdà. Ní ọdún 2000, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan láti Amẹ́ríkà, Benjamin Warf, kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà lọ síbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọmọdé CURE. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó kọ́. Nínú 300 ọmọ tí wọ́n gbé wá léraléra, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé kòkòrò àrùn ló fa omi orí wọn. Ibà àti gìrì ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàrin oṣù kan tí wọ́n bí wọn, ara wọ́n balẹ̀, ilé sì ti dúpẹ́ kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Ohun kejì tó rí ni pé ṣọ́ǹtì, tí ó jẹ́ ìdáǹdè fún ọmọ tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn, lè di ìdẹkùn fún ọmọ tó ń gbé ní abúlé. Ṣọ́ǹtì máa ń dí. Bí ó bá dí lórí ọmọ tó wà ní Maitama, àdúgbò olówó ní Àbújá yìí, ìyá rẹ̀ yóò gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Bí ó bá dí lórí ọmọ tó jẹ́ pé odò ti kún lójú ọ̀nà abúlé rẹ̀, ó lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, Warf àti àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń ki awò tín-ín-rín kan bọ inú orí ọmọ, wọ́n ń lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn iyàrá omi kí omi lè rí ọ̀nà àbùjá gbà, wọ́n sì ń fi iná jó lára ẹran tó ń ṣe omi náà. Kò sí rọ́bà tí yóò dí. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé láàrin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọ̀nà méjèèjì pa pọ̀ ṣiṣẹ́ lára ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí lílu ihò nìkan ṣiṣẹ́ lára ìdá 47.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fi ṣọ́ǹtì méjì wéra lára ọmọ 195. Ọ̀kan ni Chhabra, tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dọ́là 35; èkejì jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun, tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dọ́là 650. Lẹ́yìn ọdún kan, wọn kò rí ìyàtọ̀ láàrin ìpín àwọn ọmọ méjèèjì. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: lẹ́yìn ọdún kan. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ojú ẹni tó ń kà á yóò sì fò ó. Nídìí rẹ̀, ẹnì kan ti mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, ó ti gun ọ̀kadà, ó ti béèrè ilé lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti rí ọmọ náà tàbí ó ti rí sàréè rẹ̀. Bí ẹni yẹn kò bá lọ, dọ́là 35 àti dọ́là 650 kò ní ohun tí wọn yóò sọ fún wa.

Wọ́n fún Warf ní ẹ̀bùn MacArthur, tí wọ́n fi ń dá àwọn tó tayọ lọ́lá ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2012, ó sì tọ́ sí i. Nígbà tó ti padà sí Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn náà kò tì, nítorí pé àwọn ọmọ Ùgáńdà bíi John Mugamba, oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ ọ̀nà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọdún 2017, ikọ̀ tí Abhaya Kulkarni láti Kánádà jẹ́ aṣáájú nínú wọn gbé èsì mìíràn jáde. Ọmọ 100 ni wọ́n pín sí méjì ní Mbale, wọ́n fi ṣọ́ǹtì sí orí ìdá kan, wọ́n ki awò bọ orí ìdá kejì, wọ́n sì yẹ làákàyè àwọn ọmọ náà wò nígbà tí ó pé oṣù méjìlá. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbé lé nǹkan. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn amóríyá yóò sọ pé àbọ̀ kò tó nǹkan. Lójú tèmi, àbọ̀ ńlá ni, nítorí pé bí ọ̀nà méjèèjì bá dọ́gba fún ọpọlọ, ìyá tó ń gbé lókèèrè lè yan èyí tí kò ní rọ́bà.

Ẹlòmíràn tún wà tí n kò lè fò dá, Steven Schiff, tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tó sì tún jẹ́ ẹnjiníà. Ìbéèrè tí ó ń lé kiri rọrùn láti bi: kòkòrò wo gan-an ló ń ba orí àwọn ọmọ Ùgáńdà jẹ́? Wọ́n fa omi láti orí àwọn ọmọ náà, wọ́n gbìn ín nínú yàrá àyẹ̀wò kí kòkòrò lè hù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò hu ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n fi àkókò tí àìsàn náà ń pọ̀ wé àkọsílẹ̀ òjò, wọ́n rí i pé ó ń bá òjò rìn, wọ́n sì gbé ìyẹn jáde ní ọdún 2012. Ní ọdún 2020 ni wọ́n tó sọ orúkọ. Wọ́n gba omi orí ọmọ 100, kòkòrò àrùn ló fa ti 64 nínú wọn, wọ́n sì lọ ka DNA, àpilẹ̀ṣe ohun abẹ̀mí, tó wà nínú omi náà dípò kí wọ́n máa dúró kí ó hù. Paenibacillus thiaminolyticus ló jáde, kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ọ̀tá ọmọ tuntun rí. Edith Mbabazi-Kabachelor, tó jẹ́ olórí ìwádìí ní ilé ìwòsàn yẹn ní Mbale, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tún rò ó wò: omi orí ọmọ kì í rìn lọ sí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló gbà á láìjẹ́ kí ọwọ́ kàn án, ẹnì kan ló kọ nọ́ńbà sí ara ìgò, ẹnì kan ló dúró ti ẹ̀rọ amóhun-tutù lóru ọjọ́ tí iná lọ. Bí ìgò kan bá gba nọ́ńbà ìgò kejì, àbọ̀ irọ́ ni ayé yóò gbà.

Ti Ùgáńdà ni ìyẹn o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé orúkọ kòkòrò náà wá sí Kano tàbí Maiduguri bí ẹni gbé ẹrù wọ̀lú. Àwa ní yírùnyírùn tiwa níbí, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, òun náà sì lè fi omi sílẹ̀ sínú orí ọmọ lẹ́yìn tó bá lọ. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tuntun, Men5CV, ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń wọ orí ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ní abúlé wa, àwa fúnra wa la ó wá a.

Mo ti sọ ti àwọn ẹni ńlá. Ó kù kí n sọ ti ilé.

Wíwọn orí ọmọ dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ ó gbé téèpù gba òkè ìpéǹpéjú, ẹ ó gbé e kọjá lókè etí méjèèjì, ẹ ó mú un yí ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́ ká, ẹ ó fà á le díẹ̀ kí irun má baà tàn yín, ẹ ó kà á. Ẹ ó tú u, ẹ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, èyí tó tóbi jù lẹ ó kọ sílẹ̀. Ọmọ tó pé oṣù, tí ara rẹ̀ dá, sábà máa ń ní orí tó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ tó bá ní 45 lóṣù méjì, ẹ kò nílò èmi kí ẹ tó mọ̀. Èyí tó wà láàrin ni iṣẹ́ mi.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, téèpù ìwé tí wọ́n ń fún wa tán. Mo lọ sọ́jà, mo ra téèpù télọ̀, èyí aláwọ̀ yẹ́lò, mo sì ń lò ó lọ. Mo máa ń fi oògùn nù ún lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ìmọ́tótó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, akọ̀wé wa, ọmọkùnrin Ígbìrà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni orí àwọn ọmọ máa ń tóbi?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìsinmi mi, nọ́ọ̀sì mìíràn ló ń wọn orí lọ́jọ́ náà, ó sì ní téèpù tirẹ̀. A gbé téèpù mi sórí rúlà onírin. Oògùn tí mo fi ń nù ún àti fífà tí mo ń fà á ti mú kí ó nà, débi pé orí tó jẹ́ 44 lóòótọ́, 43 ló ń kà fún mi.

Gbogbo ohun tí mo kọ fún oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi gègé pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀gá wa kò bú mi, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ó ní ká pe gbogbo ìyá tí ọmọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin náà padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ṣọ́ǹtì rẹ̀ ti dí láìjẹ́ pé a mọ̀, nítorí pé nínú ìwé tèmi, orí rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ọjọ́ kẹta tó dé ni wọ́n tún un ṣe fún un. Bí ẹ bá bi mí pé ta ni olùwádìí nínú ikọ̀ wa, ọmọkùnrin Ígbìrà yẹn ni n ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kò mọ ohun kan nípa ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó ń ka nọ́ńbà bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i.

Agbálẹ̀ wa ni ẹnì kejì. Ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Fúlàní, ó sì gbọ́ bí ọkàn ìyá ṣe ń lù. Òfin ìwádìí ni pé ìyá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí ó tó tẹ ìka sí ìwé ìyọ̀ǹda. Dókítà wa kan ń fi Hausa díẹ̀ tó gbọ́ ṣàlàyé fún obìnrin kan pé a ó fi "roba" sí orí ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Agbálẹ̀ fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní ohun tí obìnrin náà gbọ́ ti yé òun: ohun tí wọ́n ń fi rọ́bà ṣe ni ọ̀rọ̀ náà mú wá sí i lọ́kàn, àní bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì rò pé irú rẹ̀ ni a fẹ́ gbé sí orí ọmọ òun. Agbálẹ̀ gba rọ́bà ṣọ́ǹtì tó ti lọ́jọ́ lórí lọ́wọ́ mi, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó fà á, kí ó fi wé okùn ṣòkòtò ọmọ náà. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó parí. Ìyọ̀ǹda tí obìnrin náà ṣe lọ́jọ́ yẹn ni ìyọ̀ǹda tòótọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí n máa bẹ̀rù àwọn ìka tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Awakọ̀ wa ni ẹnì kẹta, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń wá ọmọ. Ọmọ tí kò padà wá ni ẹrù tó wúwo jù nínú ìwádìí. Ọmọ tí a kò rí kì í ṣe ọmọ tó sàn, kì í sì í ṣe ọmọ tó kú; àyè òfìfo ni nínú ìwé, àyè òfìfo sì máa ń ti ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára lẹ́yìn. Oníṣẹ́ abẹ tó bá ka àwọn tó padà wá nìkan yóò rò pé ọwọ́ òun mọ́, nítorí pé àwọn tí ọ̀nà jìn sí, àwọn tí owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn, àwọn tí ọmọ wọn ti kú, wọn kì í wá sọ fún un. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa yangàn èsì ní ìpàdé kan, tí ìdajì ọmọ kò sí nínú ìṣirò, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́.

Ìwé wa kún fún orúkọ kan náà. Aisha Musa mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ lọ́dún kan. Àdírẹ́sì wọn ni "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí". Awakọ̀ wa ló kọ́ mi pé bí ẹ bá ń wá ènìyàn ní Òkè Ọya, ẹ má wá a ní ilé, ẹ wá a ní gáréèjì àti ní ọjọ́ ọjà rẹ̀. Yóò dúró sí gáréèjì, yóò ra gúrò, yóò bi àwọn onímọ́tò léèrè ìyá tó ń gbé ọmọ olórí ńlá, nítorí pé kò sí onímọ́tò tó gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí tó gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí obìnrin kan tí a ti pè ní ìgbà mọ́kànlélógún lórí fóònù. Ó ti ta fóònù náà kí ó lè rí owó ọkọ̀ padà sílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọmọ náà wà láàyè, ó ń fi ìdí wọ́ lọ sídìí ìkòkò, ó fẹ́ gbá ewúrẹ́ mú. Mo wọn orí rẹ̀ lórí ẹní, lábẹ́ igi dọ̀ngóyárò.

A tún dé ilé mìíràn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí n tó yọ ìwé nínú báàgì, awakọ̀ ti fọwọ́ kàn mí lápá. Ó rí i kí èmi tó rí i pé wọ́n ti fi aṣọ tí ìyá fi ń pọn ọmọ di nǹkan mìíràn mọ́ orí òpó. Ó jókòó, ó kí wọn, ó ṣe àdúà pẹ̀lú bàbá ilé, ó mu omi tí wọ́n gbé wá. Nígbà tí yóò tó wákàtí kan, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló sọ oṣù tí ọmọ kú, bí ibà ṣe mú un, bí ó ṣe ń bì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí a padà dé inú ọkọ̀. Iye ọjọ́ tí ọmọ náà fi gbé ayé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wà nínú ìṣirò wa lónìí, awakọ̀ ló fi síbẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé tálákà nìkan ni irú iṣẹ́ tí kò hàn yìí wà fún. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jùmọ̀ dá àjọ ìwádìí kan sílẹ̀ lórí àrùn yìí ní ọdún 2006, John Kestle ní Utah sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́ kò ní ẹ̀rọ tuntun kankan nínú. Wọ́n kàn fẹnu kò lórí ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn yóò máa ṣe bákan náà bí wọ́n bá ń fi ṣọ́ǹtì sí orí ọmọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni lílẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ kí ènìyàn má máa wọlé wọ̀de. Àwọn ọmọ tí kòkòrò ń wọ ṣọ́ǹtì wọn dín kù láti ìdá 8.8 sí ìdá 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì gbé èsì náà jáde ní ọdún 2011. Ẹnì kan ní láti máa lẹ ìwé yẹn mọ́ ilẹ̀kùn láràárọ̀, kí ó sì lè wo ojú ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ wọlé, kí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró." Mo fẹ́ràn ẹni yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí ara wa rí.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán ní Kubwa lọ́jọ́ náà, bàbá kan tó ń ta pátì ọkọ̀ ní Àpó dìde, ó ní òun kò ní ọmọ tó ní àrùn yìí, òun kò sì ní owó tí òun yóò fi ran olùwádìí lọ́wọ́, ó ní kí wá ni òun yóò mú lọ sílé. Mo sọ fún un pé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni. Ó rò pé mo ń ṣe àwàdà, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Mo wá ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń kọ káàdì ọmọ báyìí. Nọ́ńbà mẹ́ta ni a ń kọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ti ìyá tàbí bàbá, nọ́ńbà náà kì í sì í pẹ́ tó fi ń kú, nítorí pé wọ́n ń ta fóònù, wọ́n ń pààrọ̀ síìmù. Èkejì ni ti mai unguwa, olórí àdúgbò wọn, òun náà sì lè wà lóko tàbí kí ó ti rin ìrìn àjò lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀kẹta ni ti ọlọ́jà kan tí ìdílé náà ń rà nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní ṣí kúrò nídìí ọjà rẹ̀: ẹni tó ń ta iyọ̀, ẹni tó ń ta pátì ọkọ̀, ìyá Yorùbá tó ń ta gààrí ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì láti bí ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju pé wọ́n gbà kí á kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn káàdì ọmọ kan. Bí a bá pe èyí àkọ́kọ́ tí kò wọlé, tí a pe èkejì tí kò wọlé, a ó pe ẹ̀kẹta, ìyá onígààrí yóò gbé e, yóò pariwo orúkọ ọmọ náà sínú ọjà, a ó sì máa gbọ́ ọ títí ẹnì kan yóò fi dáhùn.